Ìlà Méjìdínlógún

Ògbómọ̀ṣọ́,
14 Oṣù Kìn-ín-ní, 2024.

Àfísù ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé níbi tí o wà. Mo kí ọ kú ọyẹ́, nítorí Bákàrè ní ọyẹ́ Kumasi náà ń la ètè lọ́dún yìí. Ṣé ò ń jẹun? Ṣé ò ń kírun lásìkò? Ara tèmi le, àfi eékún tó ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́ tí mo bá fẹ́ dìde.

Ó yẹ kí o mọ ìdí tí o kò fi gbọ́ ohùn mi láti oṣù tó kọjá. Fóònù mi já sínú kànga. Mo bẹ̀rẹ̀ pé kí n wo ibi tí omi dé, ó sì yọ́ bọ́ láti inú ìró mi. A gbọ́ ọ tó ń dún nísàlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bóyá ìwọ lò ń pè. N kò ní ra òmíràn. Má sì pe fóònù Jọláadé ará ilé kejì mọ́, torí ńṣe ló máa ń tẹ̀ ẹ́ kó pariwo, kí gbogbo agboolé lè gbọ́. Ìgbà tí o pè kẹ́yìn, ẹni tó ń pọn omi fún wa ló kọ́kọ́ dá ọ lóhùn, ó tiẹ̀ ti gbà ọ́ nímọ̀ràn kí n tó dé ibẹ̀. Lẹ́tà ni kí a máa kọ. Mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ kíláàsì kẹrin bí a ti ń kọ lẹ́tà, kò sì yẹ kó jẹ́ ọmọ tèmi ni kò ní kọ ọ́. Bákàrè awakọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Kumasi. Ọkọ̀ rẹ̀ á máa bá wa gbé e.

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà lọ́kàn mi. Àkọ́kọ́, Bákàrè ní bí o bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tí o ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Adum, yàrá rẹ ní Santasi lo máa ń wọ̀. O ó jókòó, o ó máa wo ìlà funfun tó ń sáré lójú gíláàsì dúdú, o ó sì máa dá rẹ́rìn-ín. Kí lò ń wò? Èkejì, ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ lò ń lọ sí Aboabo. A kò ní ẹbí kankan ní Aboabo. Ta ló wà níbẹ̀?

Dá mi lóhùn ní kíkún. Má kọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Kí o sì ra bàtà aláwọ kan fún Alhaji Bákàrè, ọmọlúàbí èèyàn ni, ojú ọ̀nà ti jẹ tirẹ̀ tán.

Ìyá rẹ,
Mùnírátù


Santasi, Kumasi,
28 Oṣù Kìn-ín-ní, 2024.

Ìyá mi àtàtà,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níhìn-ín kí n tó mú bírò. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú àìrí mi, ẹ kú ìnira eékún. Ó dùn mí nípa fóònù yín. Èmi ni mò ń pè lóòótọ́. Ìgbà méjìlá ni mo pè.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mò ń wò. Kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ èèyàn, ohun tí wọ́n ti sè tán ni wọ́n ń gbé fún un, bí ẹni ra dókónú, ẹ̀kọ inú ewé tí wọ́n ń jẹ níhìn-ín, létí títì. Irú èyí tí èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi ń lò, Línúsì ni a ń pè é, kò gba èyí tí a sè tán. Àgbàdo tútù ló ń gbà, òun ló máa lọ̀ ọ́, òun náà ló máa sè é. Fún ètò kọ̀ọ̀kan, a máa ń kọ ìwé ìlànà kan tó sọ ibi tí kọ̀ǹpútà yóò ti lọ gbé ògidì rẹ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe, àti ohun tí yóò tẹ̀ lé e títí yóò fi jinná. Nọ́ńbà kan wà nísàlẹ̀ ìwé náà tí mo máa ń pè ní nọ́ńbà ẹ̀rí. Kọ̀ǹpútà á ṣírò ohun tó gbé dé láti orí lẹ́tà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá ti yàtọ̀, nọ́ńbà tó máa rí kò ní bá ti inú ìwé mu, kò sì ní gbé e kaná.

Bí ẹni tó ni ètò bá wá gbé tuntun jáde, ẹnì kan gbọ́dọ̀ tún ìwé ìlànà ṣe, kó yẹ nọ́ńbà tuntun wò, kó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn, lábẹ́ Esi tó jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ wa. Ètò mẹ́tàdínlógójì ló wà níkàáwọ́ mi. Ọ̀kan nínú wọn ló ń pe ìrun lórí kọ̀ǹpútà, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ìlà funfun tí Bọ̀dá Bákàrè rí, ètò tó wà lórí iná ni. Bó bá jinná ni mo máa ń rẹ́rìn-ín.

Ní ti Aboabo, Zàhràh ló wà níbẹ̀, ọmọ Alhaji Sàlísù tó ń ta aṣọ. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá bàbá rẹ̀, àmọ́ ìhín ni wọ́n bí gbogbo wọn sí. Yorùbá ló ń bá mi sọ, bí inú bá bí i, á yí i sí Twi. Mo fẹ́ ẹ, Ìyá mi. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo fi Línúsì sí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, mo sì fi ètò ìrun mi sí i, láìgba ohunkóhun. Alhaji ní òun kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ìyàwó lórí fóònù. Lẹ́tà ni òun fẹ́, láti ọwọ́ ìyá mi fúnra rẹ̀, bí àwọn bàbá wọn ti ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ránṣẹ́ sílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́.

Mo ti ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe ní ìparí lẹ́tà yín. Ọjọ́ tí mo kà á náà ni mo ṣe é.

Ọmọ yín,
Àfísù


Ògbómọ̀ṣọ́,
15 Oṣù Kejì, 2024.

Àfísù,

Mo kí ọ, mo kí àwọn tí ẹ jọ wà. Lẹ́tà rẹ dé, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ìkẹta pẹ̀lú bírò pupa lọ́wọ́. Inú mi dùn pé o ṣe ohun tí mo ní kí o ṣe ní ìparí lẹ́tà mi, ìyẹn ni pé o dá mi lóhùn ní kíkún.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà rẹ yé mi. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kò jẹ oúnjẹ ìta títí tó fi lọ. Bí mo bá se ọbẹ̀ pàápàá, yóò bi mí ta ló bá mi gé àlùbọ́sà. O kúkú fi jọ ọ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ẹ̀rí yẹn ló wú mi lórí jù. Ó dùn mí pé n kò mọ̀ ọ́n nígbà tí àwọn ọmọ ń ya ojú ewé kúrò nínú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá. Láti òní lọ, n óò máa ka iye ìlà inú gbogbo lẹ́tà mi, n óò sì kọ ọ́ sí abẹ́ orúkọ mi. Kí o ka iye ìlà kí o tó ka ọ̀rọ̀ kankan. Mo ti bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Mo kọ iye ẹran sí ara ìdérí ìkòkò ọbẹ̀. Jọláadé ní òun ni mò ń fọgbọ́n pè ní olè, kò kí mi láti ọjọ́ Àlàmísì.

Mo ti kọ lẹ́tà Alhaji Sàlísù. Ó wà nínú àpòòwé kan náà pẹ̀lú èyí. N kò lẹ̀ ẹ́, nítorí bí a ti ń ṣe lẹ́tà ìtọrọ ọmọ nílé wa nìyẹn: kí ẹni tó bá fẹ́ kà á lójú ọ̀nà kà á, kó má bàa dà bí ẹni pé a ní ohun tí à ń fi pamọ́. Ìlà méjìdínlógún ni. Mo kọ 18 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gàdàgbà. N kò mọ ọmọ náà rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́, o kì í fẹ́ràn ohun tí kò dára, bí a bá mú irun orí tí o gẹ̀ lọ́dún tí o kúrò nílé kúrò.

Bí o bá rí fìlà tó dára ní Adum, ra ọ̀kan fún Alhaji Bákàrè, oòrùn ń pa á.

Ìyá rẹ,
Mùnírátù
Ìlà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.


Santasi, Kumasi,
3 Oṣù Kẹta, 2024.

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ààwẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ bá mi kí Jọláadé, ẹ sọ fún un pé ìmọ̀ ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ìjà.

Mo ti gbé lẹ́tà fún Alhaji Sàlísù. Mo wọ agbádá, mo sì fi í wọ ọkọ̀ èrò trotro láti Santasi dé Aboabo, ẹni mẹ́ta ló jókòó lé e lórí. Alhaji gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, mo ṣàlàyé nọ́ńbà ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún un, ó ka iye ìlà lójú mi, ó ní ó pé. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ó kà á tán. Ó ká a, ó fi í sápò, ó ní kí n máa lọ ilé. Mo rò pé ayọ̀ ni.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ìyá mi, ẹ lọ yẹ ojú yín wò. Lẹ́tà tí ẹ kọ sí mi, ẹ ní ìlà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Mo ní kò burú, àárín èmi àti ẹ̀yin ni. Nígbà tí mo wá yọ ti Alhaji, ẹ kọ méjìdínlógún, ogún ni mo bá níbẹ̀. Ìlà méjì gbáko. N kò ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ o, nítorí ojú ń tì mí láti ka ibi tí ìyá mi ti ń yìn mí. Iye ìlà nìkan ni mo kà. Mo wá rò ó pé bí Alhaji bá rí i pé tíṣà ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kò lè ka nǹkan dé ogún, irú ojú wo ni yóò fi wo ìdílé wa? Mo wá bírò tó jọ tiyín, mo sọ 18 di 20. Ó mọ́ rekete, kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́, ọmọ yín ni mí.

Ohun tí ẹ ní kí n rà ní Adum, mo ti rà á.

Ọmọ yín,
Àfísù


Ògbómọ̀ṣọ́,
17 Oṣù Kẹta, 2024.

Àfísù,

Ìlà méjì wo?

Ojú mi kò ṣe nǹkan kan. Mo ń fi òwú bọ inú abẹ́rẹ́ láìlo awò. Kí sì ni mo ní kí o rà ní Adum? N kò ní kí o ra nǹkan kan ní Adum. Lọ bá Alhaji Sàlísù, kí o da ìlà méjì tó gbẹ̀yìn kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kí o fi ránṣẹ́ sí mi.

N kò fún Bákàrè ní lẹ́tà yìí. Ọkùnrin kan tó ń kó àlùbọ́sà lọ sí Accra ni mo fún. N kò mọ̀ ọ́n, kò mọ̀ mí, ó ní òun á rí ẹni tí òun máa fà á lé lọ́wọ́.

Mùnírátù
Ìlà mẹ́tàlá. Bí o bá bá mẹ́rìnlá níbẹ̀, má bá mi tún un ṣe.


Santasi, Kumasi,
29 Oṣù Kẹta, 2024.

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, n kò sì tíì dìde. Ẹ kú ààwẹ̀. N kò gbúròó yín láti ìgbà tí mo ti kọ lẹ́tà tó kọjá, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ọ̀rọ̀ ojú tí mo sọ ti bí yín nínú. Bọ̀dá Bákàrè ti gbéra wá sílé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò dágbére fún mi. Táhírù, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń bọ̀ wá ṣe ìtùnú nílé, ni mo fi èyí rán.

Nǹkan ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ rántí ètò tó ń pe ìrun. Ẹni tó ni ín gbé tuntun jáde. Mo tún ìwé ìlànà rẹ̀ ṣe, mo ní kí kọ̀ǹpútà lọ gbé ògidì rẹ̀ dé, nọ́ńbà rẹ̀ kò bá èyí tí ẹni náà kọ síta mu. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mò ń kánjú lọ sí Aboabo. Àṣẹ kan wà tí a lè pa fún kọ̀ǹpútà pé kó ṣírò ohunkóhun tó bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì kọ nọ́ńbà ìyẹn sínú ìwé. Mo pa á. Wọ́n bára mu. Mo rẹ́rìn-ín, mo wọ bàtà, mo jáde.

Àṣé ohun tí mo gbé dé kì í ṣe èyí tí wọ́n parí. Èyí tí wọ́n fi ń dánra wò ni, aago ìlú kan tó jìnnà réré síhà ìlà oòrùn ni wọ́n sì fi sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Àlàmísì ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òjò ṣú bo Kumasi, gbogbo Aboabo dúdú, ni kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù Alhaji Sàlísù bá pe Mọ̀gíríbì pé ó tó àsìkò ìṣínu. Aago mẹ́ta ọ̀sán kò tíì lù. Alhaji wo ojú ọ̀run, ó rí i pé ó ṣókùnkùn. Ó ní kọ̀ǹpútà Àfísù ní nọ́ńbà tó ń ṣọ́ ọ, kò lè ṣì í. Ó ti jẹ dàbínù mẹ́ta, ó ti mu omi, ó ti gbé ife kókó sẹ́nu, kí mọ́sálásí tó wà ní òdìkejì títì tó pe ìrun Àsárì tó ṣáájú rẹ̀. Zàhràh ní bàbá òun kàn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ife lọ́wọ́.

Esi ti gba ìwé ìlànà náà lọ́wọ́ mi. Ó ní nọ́ńbà kì í purọ́, èmi ni mo kọ́ ọ ní irọ́.

Mo lọ bẹ Alhaji. Ó ní ti ààwẹ̀ kò le, òun á gba òmíràn dípò rẹ̀ lẹ́yìn ìtùnú. Ó wá fa lẹ́tà yín yọ nínú àpò. Ó ní, "Èyí tí mo ti ń mú mọ́ra láti ọjọ́ yìí ni mo fẹ́ bi ẹ́. Ìyá ẹ yìí, ṣé ìyá ni àbí kọ́sítọ́ọ̀mù?" Ó ní kí n ka ìlà méjì tó gbẹ̀yìn sókè. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: "Kí a tó lè gbé ọmọ yín wọlé, ẹ fa àgbò ọlọ́ràá kan lé Alhaji Bákàrè tó gbé lẹ́tà yìí wá lọ́wọ́, ìyà ojú ọ̀nà ti pọ̀ lórí rẹ̀." Alhaji ní òun kò rí ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ ọmọ lọ́wọ́ èèyàn tí wọ́n tún ní kó fi àgbò lé e. Ó ní ìdílé kan láti Ọ̀yọ́ ti ń béèrè Zàhràh, wọn kò sì dárúkọ ẹran kankan. Ọjọ́ kejì ìtùnú ni òun máa fún wọn lésì.

Mo ní nọ́ńbà ṣáà pé. Zàhràh ló dá mi lóhùn, Twi ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ka nokware," ìyẹn ni pé kí n sọ òótọ́. "Ṣé nọ́ńbà tí Màmá kọ ló pé?" Mo sọ fún un pé mo ti yí i. Ó ní, "Kó o tó yí i, ṣé o béèrè lọ́wọ́ wọn?" Mo ní n kò béèrè. Láti ìgbà náà, Twi nìkan ló ń bá mi sọ, kò sì pọ̀.

Oúnjẹ ìṣínu kò lọ lẹ́nu mi mọ́. Bí mo bá pàdánù Zàhràh, n kò mọ ohun tí n óò tún máa wá ṣe ní Aboabo, n kò sì mọ ohun tí n óò máa ṣe ní Kumasi. Ìkọ̀wé yín ni mo rí nínú ìlà méjì yẹn, ìrù tí ẹ máa ń fi sí ìdí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pàápàá wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ohun tó yẹ kí n ti béèrè láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mò ń béèrè báyìí. Ìyá mi, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?

Ọmọ yín,
Àfísù


Ilé Alhaji Sàlísù,
Aboabo, Kumasi,
11 Oṣù Kẹrin, 2024.

Àfísù,

Kú ọdún. Èmi kọ́.

Mo ní èmi kọ́ ni mo kọ ìlà méjì yẹn. Ǹ bá jókòó sílé fi lẹ́tà sọ fún ọ, ṣùgbọ́n ta ni ǹ bá fi rán? Mo rò ó títí, n kò rí ẹni tó sàn ju èmi fúnra mi lọ.

Ọjọ́ kẹrin oṣù yìí ni Táhírù gbé lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á tán, mo wé gèlè, mo lọ sílé Bákàrè. Mo bá a lórí àga níwájú ilé, pẹ̀lú bàtà aláwọ, pẹ̀lú fìlà. Mo ní, "Bákàrè, bàtà yìí mà dára o." Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà, Àfísù ló rà á, ẹ̀yin lẹ ní kó ra..." Ló bá rántí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ọdún 1986 ni mo kọ́ ọmọ yẹn ní kíláàsì kẹrin. Èmi ni mo fi rúlà kọ́ ọ ní ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé, abájọ tí ìrù lẹ́tà tiwa fi bára mu. Èmi náà ni mo sì kọ́ wọn pé kí wọ́n máa fi àyè ìlà méjì sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí lẹ́tà. Inú àyè tí mo kọ́ ọ pé kó máa fi sílẹ̀ ló lọ jókòó sí.

Mo ní kó gbé mi lọ sí Kumasi. Ó ní ọkọ̀ ti kún. Mo ní kó sọ nǹkan kan kalẹ̀. Ó sọ àpò iṣu méjì kalẹ̀, mo jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi dé ibodè àkọ́kọ́. Láti ibẹ̀ lọ, mo ní kó máa sọ lẹ́tà Alhaji Sàlísù lórí, bí mo ti kọ ọ́, láti ìlà kìn-ín-ní dé ìkejìdínlógún. Bó bá ṣì í, a ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. A kọjá Cotonou, ó ṣì ń fo ìlà kẹta. A wọ Togo, ìlà kẹsàn-án kò wọ̀ ọ́ lórí. Àwọn èrò ẹ̀yìn ti mọ̀ ọ́n sórí ṣáájú rẹ̀, obìnrin kan tiẹ̀ ń bá a sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, mo ní kó má ràn án lọ́wọ́.

Àná, lẹ́yìn ìrun ọdún, ni a wọ Aboabo. N kò jẹ́ kó gbé mi wá sí Santasi lákọ̀ọ́kọ́, torí mo mọ̀ pé bí mo bá ti rí ojú rẹ, inú mi á rọ̀, iṣẹ́ tí mo bá wá kò ní ṣeé ṣe. Bákàrè dúró níwájú Alhaji Sàlísù, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Alhaji mú lẹ́tà dání, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e. Bákàrè sọ ọ́ láìṣì dé ìlà kejìdínlógún, ó dákẹ́. Alhaji ní, "Ó ku méjì." Bákàrè wo bàtà rẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn, tèmi ni, sà."

Alhaji rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà ló mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo rí àgbò kan lórí ìso. Ó ti rà á láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ láéláé pé torí àgbò ni Zàhràh kò fi relé ọkọ, pé òun kàn fẹ́ bínú dáadáa ná kí òun tó fà á kalẹ̀. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí àwọn ará Ọ̀yọ́ pé kí wọ́n má ṣe ìyọnu. Ọjọ́ tí a bá so yìgì yín ni a ó pa àgbò náà. Bákàrè ni yóò máa já koríko fún un, òun ni yóò sì máa wẹ̀ ẹ́. Ó wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ yìí pẹ̀lú bàtà aláwọ lẹ́sẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tìrẹ. Ó dùn mí, Àfísù, n kò ní fi pamọ́. Bákàrè fi ìlà méjì kún ìwé mi, mo ti jẹ ẹ́ níyà. Ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ kò lè kọjá ẹnu ọ̀nà ilé yìí láìjẹ́ pé ìwọ lo ṣílẹ̀kùn fún un. Nọ́ńbà mi ń pariwo fún ọ pé nǹkan kan ti wọnú lẹ́tà, ìwọ ní ojú ìyá rẹ ló ti bàjẹ́. Ìwọ lo kọ́ mi ní ọgbọ́n yìí ní Oṣù Kìn-ín-ní, inú mi dùn sí i débi pé mo ń ka ẹran nínú ìkòkò, ìwọ alára ni kò wá lò ó. Nígbà míì tí nǹkan mi kò bá bára mu, bi mí. Mo ṣì wà láyé, kí o máa bi mí nígbà tí mo ṣì wà.

Lẹ́tà kan wà tí mo fún oníàlùbọ́sà kan ní Oṣù Kẹta, ó ṣì wà lójú ọ̀nà. Bó bá dé, o kò ní láti dá a lóhùn mọ́.

Mo fẹ́ràn ọmọ náà. Nígbà tí mo wọlé, ó kúnlẹ̀, ó bi mí ní orúkọ mi, mo sọ ọ́. Ó dìde, ó lọ bá Bákàrè níta, ó bi òun náà ní orúkọ mi. Ó lọ bá obìnrin tó bá wa wọkọ̀ bọ̀, ó tún bi í. Ìgbà náà ló tó gbé omi wá fún mi. Fẹ́ ẹ kíákíá.

Òun ló ń gbé lẹ́tà yìí bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ báyìí. N kò fi àyè kankan sílẹ̀ nísàlẹ̀, mo ti jáwọ́ nínú ìyẹn. N kò sì kọ iye ìlà. Wọ aṣọ rẹ, kí o tẹ̀ lé e bọ̀ ní Aboabo, kí o wá fi ojú ara rẹ ka iye ìyá tí o ní níbí. Ẹyọ kan ni.
Ìyá rẹ, Mùnírátù.

Etí ìwé ni mo kọ eléyìí sí torí Màmá kò fi àyè sílẹ̀. Mo ti kà wọ́n, ẹyọ kan ni lóòótọ́, àmọ́ ẹyọ yẹn ti fi bírò pupa tún pátákó orúkọ ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ṣe, ó sì ti fún un ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Yára. Zàhràh ló kọ ìlà yìí o, kì í ṣe Bákàrè.